Ẹ yan iná kí ẹ tó mọ ààrò: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ààrò písà ẹ̀yìnkùlé

Iná ló ń pàṣẹ fún ààrò. Bí ẹnu rẹ̀ yóò ṣe ga tó, bí ògiri rẹ̀ yóò ṣe nípọn tó, bóyá yóò ní ihò èéfín, inú ilé ni yóò wà àbí ìta: gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ ohun tí ẹ fẹ́ máa dá sí i. Ẹni tó bá sáré ra ààrò kó tó ronú iná ló máa ń padà sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó abọ́ sí.

Iṣẹ́ tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé ni ààrò amọ̀ kan lẹ́yìnkùlé n'Ìbàdàn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Inú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 70, ó ga ní 38, písà ínṣì 12 sì ni wọ́n fẹ́ máa sun nínú rẹ̀. Igi la yàn fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ni igi bá mu.

Iná wo?

Ọ̀nà mẹ́ta ni ooru ń gbà se písà. Ilẹ̀ ààrò ń se ìdí rẹ̀, òrùlé ààrò ń rán ooru sí orí rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń yí inú ààrò po sì ń se ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo písà ìlú Naples ní Ítálì, Associazione Verace Pizza Napoletana, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1984, kọ ọ́ sínú òfin wọn pé kí ilẹ̀ ààrò wà láàárín 380°C sí 430°C, kí òrùlé tó nǹkan bí 485°C, kí písà sì jinná láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 60 sí 90. Ààrò abẹ́ kúkà gáàsì ilé wa kì í sábà kọjá 250°C. Ìdí nìyẹn tí písà ilé fi máa ń le bíi bisikíìtì: ó pẹ́ jù nínú ooru tí kò tó.

Iná mànàmáná ló mọ́ jù, òun náà ló sì ń jáni kulẹ̀ jù. Ẹ̀rọ písà tí wọ́n kọ 1,800 W sí lára, 230 V ni wọ́n fi wọn agbára yẹn. Bí iná àdúgbò bá wá sí 180 V, agbára ẹ̀rọ náà kò ní dín ní ìwọ̀n kan náà, yóò dín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi 230 pín 180, kí ẹ fi èsì rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀: 0.61. Ohun tó kù fún yín kò ju bí 1,100 W lọ, ilẹ̀ ààrò kò sì ní gbóná débi tó yẹ bí ẹ tilẹ̀ dúró di òru. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n kọ 950 sí lára kò lè gbé e rárá. Ní ti bátìrì ìnfátà, èyí tó jẹ́ 12 V, 200 Ah, tí ẹ kò bá fẹ́ bà á jẹ́, ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ lè lò, ìyẹn nǹkan bí 1.2 kWh. Ẹ̀rọ yìí yóò jẹ ẹ́ tán láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Ẹni tí iná tirẹ̀ dúró dáadáa, tàbí tó ń gbé fúláàtì ní London tàbí Houston, lè yan iná mànàmáná láìbẹ̀rù.

Gáàsì ló rọrùn jù. Ààrò gáàsì kékeré fún písà ínṣì 12 sábà máa ń jẹ́ bíi 4 kW, ó sì ń jẹ gáàsì bíi gíráàmù 300 ní wákàtí kan. Sílíńdà kílò 12.5 yóò fún yín tó ogójì wákàtí. Ibi tí wàhálà wà ni rẹ́gúlétọ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí ààrò: bí ó bá jẹ́ 28–30 mbar (ìwọ̀n agbára tí gáàsì fi ń tú jáde), ó bá rẹ́gúlétọ̀ ilé lásán mu, bí ó bá jẹ́ 37 mbar, tàbí tí wọ́n kọ ọ́ pé fún propane nìkan, ẹ má fi èyí tó wà nílé sí i. Ọwọ́ iná tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó sì ń fi dúdú sára òrùlé, ń sọ fún yín pé gáàsì àti afẹ́fẹ́ kò bára mu. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí, nítorí náà a kì í gbé sílíńdà sínú kòtò, bẹ́ẹ̀ ni a kì í gbé e sí abẹ́ ààrò. Ó kéré tán, kí ó jìnnà tó mítà kan ààbọ̀. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi yẹ gbogbo oríkèé họ́ọ̀sì wò, kì í ṣe ìṣáná.

Èédú ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ooru rẹ̀ pọ̀, kílò kan èédú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò méjì igi gbígbẹ, àmọ́ kò ní ọwọ́ iná tó ń lá òrùlé. Ìdí písà yóò jó, orí rẹ̀ yóò sì funfun bíi fùfú. Èédú dára fún gbígbẹ ààrò titun, a ó dé ibẹ̀. Ẹ má dá a nínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ tì: gáàsì olóró tó ń jáde lára èédú kò ní òórùn, kò sì ní èéfín tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n.

Igi ló kù. Kílò gáàsì kan ní ooru tó tó ti kílò mẹ́ta igi gbígbẹ, nítorí náà kì í ṣe pé igi lágbára ju gáàsì lọ. Ọwọ́ iná rẹ̀ la fẹ́, èyí tó máa ń gòkè láti ẹ̀gbẹ́, tó sì ń yí òrùlé po kó tó jáde lẹ́nu ààrò. Ayín tí wọ́n ń kó wá láti Òkè Ògùn dára púpọ̀, ó wúwo, ẹ̀yinná rẹ̀ sì ń pẹ́. Igi ọsàn náà dára. Ẹ là á kó nípọn tó ọrùn ọwọ́, kí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Igi tó gbẹ máa ń dún kókó bí ẹ bá fi méjì lu ara wọn; tútù a máa dún bọ̀tìbọ̀tì. Pákó tí wọ́n fi ọ̀dà kùn tàbí tí wọ́n fi oògùn ikán pa kò gbọ́dọ̀ wọ ààrò tí oúnjẹ ń wọ̀.

Fún ẹni tí kò ní ẹ̀yìnkùlé, ọ̀nà kan wà tí kò gbọ́n owó lọ. Ẹ ní kí wẹ́dà gé páálí irin dúdú fún yín, sẹ̀ǹtímítà 35 níbùú lóròó, mìlímítà 6 ní nínípọn. Yóò wúwo tó kílò 6. Kí ó má jẹ́ irin tí wọ́n fi sínkì bò, nítorí èéfín sínkì ń ṣeni ní jàǹbá. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi òróró pa á fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gbé e sí òkè nínú ààrò kúkà, kí àyè bíi sẹ̀ǹtímítà 3 wà yí i ká kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, kí ẹ sì fi iná tó ga jù sí i fún ìṣẹ́jú 45 kí písà tó wọlé. Kò ní dà bíi ti Naples, àmọ́ yóò sàn ju ti orí páànù lọ fíìfíì.

Ohun tí a kó jọ

Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ń sọ níbí ni ti ọ̀dà, onílítà 20. Fún ìdúró rẹ̀: búlọ́ọ̀kù ínṣì 6 mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n (mẹ́ta nínú rẹ̀ wà fún èyí tó bá fọ́), sìmẹ́ńtì àpò 3, irin mìlímítà 12 bíi mítà 17, iyanrìn àti gíránáìtì. Fún ilẹ̀ ààrò: ìgò bíà òfìfo 30, àti bíríkì 28, irú èyí tí wọ́n ń tò sínú ààrò ilé-iṣẹ́ tí iná kì í fọ́, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 23, tó fẹ̀ ní 11.4, tó nípọn ní 6.4. Fún ìkarahun, ìyẹn ògiri àti òrùlé amọ̀ ààrò: amọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì 2, iyanrìn ṣáàpù bọ́kẹ́ẹ̀tì 3, àpáàdì gígún bọ́kẹ́ẹ̀tì 1. Fún ẹ̀wù ààrò, èyí tí a ó fi bo ẹ̀yìn ìkarahun kí ooru má baà sá: lẹ́búlẹ́bú pákó bọ́kẹ́ẹ̀tì 10 láti ọ̀dọ̀ àwọn onípákó, àti amọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì 3 tí a ó pò ṣàn bí ẹ̀kọ. Iyanrìn bọ́kẹ́ẹ̀tì 5 mìíràn wà fún òkìtì tí a ó mọ ìkarahun lé. Èyíkéyìí ló ṣe é lò, a ó kó o kúrò.

Ọ̀rọ̀ amọ̀ gba sùúrù. Irú èyí tí àwọn amọ̀kòkò ń lò, bíi ti Ìpetumodù tàbí ti àwọn tó ń mọ ìkòkò Dàda n'Ìlọrin, ló dára jù. Ilẹ̀ òkìtì ikán náà ṣe é lò. Ẹ yí díẹ̀ nínú rẹ̀ kó gùn bí ejò, kó nípọn bí àtàǹpàkò, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ yí ìka méjì ká: èyí tó bá dá kò ní amọ̀ tó. Lẹ́yìn èyí, ẹ po amọ̀ mọ́ iyanrìn, ẹ ṣe é ní ọ̀pá kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20 gééré, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí ó bá ti sún kì ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, iyanrìn kò tó. Amọ̀ máa ń sún kì bí omi ti ń jáde lára rẹ̀, ibi tí kò bá ti rí àyè sún sí ló ti ń sán. Iṣẹ́ àpáàdì nìyẹn: ó ti gba iná kọjá nígbà kan rí, kò tún ní sún kì mọ́.

Ọjọ́ 1 sí 3: ìdúró

Kòtò ìpìlẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, ó jìn ní 30, kọnkéré ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn ní 15. Búlọ́ọ̀kù tò ní ẹsẹ̀ mẹ́ta lórí ara wọn, ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, iwájú ṣí sílẹ̀ kí igi lè wà lábẹ́ rẹ̀. Ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó gùn ní 140. Dẹ́kì tó bò ó nípọn ní 10, sìmẹ́ńtì 1, iyanrìn 2, gíránáìtì 4, irin tò ní sẹ̀ǹtímítà 20 síra wọn. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni, kì í ṣe mẹ́rin: bí a bá ka dẹ́kì, ìgò àti bíríkì pọ̀, ilẹ̀ ààrò yóò dé bíi mítà kan, ibi ìgbúnwọ́. Bíríkìlà tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan kún un, ẹ dá a dúró, nítorí ẹni tó bá ń na ọwọ́ sókè sínú iná yóò jó irun ọwọ́ rẹ̀.

Pákó abẹ́ dẹ́kì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 14. A ń fi omi wọ́n dẹ́kì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje àkọ́kọ́.

Ọjọ́ 17: ìgò àti bíríkì

Ibi tí ọ̀pọ̀ ààrò ti ń kú nìyí. Bí bíríkì bá jókòó lórí dẹ́kì tààrà, kọnkéré yóò máa fa ooru mu láti ìsàlẹ̀. Písà kìíní yóò dára, ìkejì yóò rọ̀ ní ìdí, ìkẹta yóò lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Iná tí ẹ bá ń kó sí i kò ní yanjú rẹ̀.

Lẹ́búlẹ́bú pákó tí a fi amọ̀ ṣíṣàn pò, sẹ̀ǹtímítà 2, ni a kọ́kọ́ tẹ́. A to ìgò lé e ní dídùbúlẹ̀, láìní ìdérí, nítorí afẹ́fẹ́ tí a bá sé mọ́ inú ìgò yóò fọ́ ọ bó bá gbóná. A fi irú àpòpọ̀ kan náà dí àárín wọn, a sì fi sẹ̀ǹtímítà 3 bò wọ́n. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi 12. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, iyanrìn gbígbẹ sẹ̀ǹtímítà kan la tẹ́ sórí rẹ̀ tí a fi lẹ́fẹ́lì wọ̀n, bíríkì sì tẹ̀lé e láìlo sìmẹ́ńtì kankan láàárín wọn. Sìmẹ́ńtì lásán kò lè dúró nínú ooru 400°C, ńṣe ni yóò máa dà bí eérú sínú oúnjẹ. Ẹ to bíríkì ní igun-sí-igun sí ẹnu ààrò, kí etí rẹ̀ má baà máa kọ pátákó ọlọ́wọ́ gígùn tí ẹ fi ń ti písà wọlé. Bí etí bíríkì kan bá ga ju èkejì lọ ní mìlímítà kan péré, ẹ yọ ọ́, ẹ tún iyanrìn abẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ẹ má fi òkúta odò rọ́pò bíríkì. Omi tó ti fara pamọ́ sínú rẹ̀ yóò hó, òkúta náà á sì bẹ́.

Ọjọ́ 19: ìkarahun

A fi iyanrìn tútù mọ òkìtì rìbìtì sórí bíríkì: sẹ̀ǹtímítà 70 ní ìdí, 38 ní gíga. Igi kan tí a gé sí 38 dúró láàárín rẹ̀. Níbi tí orí igi bá ti fẹ́ farahàn, òkìtì ti tó. A fi ìwé ìròyìn tí a rì sómi bò ó lódindi, kí a lè mọ ibi tí iyanrìn parí sí nígbà tí a bá ń kó o jáde.

Amọ̀, iyanrìn àti àpáàdì di pípò lórí tapólì, ẹsẹ̀ ni a fi tẹ̀ ẹ́. Ìdán rẹ̀: ẹ mú ẹ̀kún ọwọ́ kan, ẹ jù ú sílẹ̀ láti àyà. Bí ó bá tú ká, omi kò tó; bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìgbẹ́ màlúù, omi ti pọ̀ jù. Ó yẹ kó kàn fẹ̀ díẹ̀, kó sì dúró. A bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, sẹ̀ǹtímítà 8 ní nínípọn, à ń yí ààrò po títí dé orí. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ la fi ń lù ú mọ́ amọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má tì í mọ́ òkìtì iyanrìn, kó má baà bì. Ọjọ́ kan náà ni kí gbogbo rẹ̀ parí. Amọ̀ tútù kì í mú amọ̀ tó ti gbẹ dáadáa, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé ni yóò ti là.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ yóò gbẹ ẹ̀yìn ìkarahun nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù, yóò sì là bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò para. Àpò ìdọ̀họ tí a rẹ sómi la fi bò ó fún ọjọ́ méjì.

Ọjọ́ 21 sí 22: ẹnu ààrò

Gíga ẹnu ààrò jẹ́ ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún gíga inú rẹ̀. Fún 38, ó jẹ́ 24. Ìwọ̀n yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń mọ ààrò amọ̀, ohun tó sì ń ṣe rèé: afẹ́fẹ́ tútù ń gba ìsàlẹ̀ ẹnu wọlé, èéfín ń gba òkè jáde, ooru tó wà lókè ẹnu sì há sínú òrùlé. Bí ẹ bá gbé e ga jù, ooru ń sá lọ. Bí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù, iná kò ní rí èémí mí, èéfín dúdú yóò sì gbòde. Ìbú rẹ̀ jẹ́ 38. Ọ̀bẹ la fi gé e nígbà tí èékánná bá ṣì lè fi àmì sára amọ̀ ṣùgbọ́n tí ìka kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́.

A kò dá ihò sí orí òrùlé. Ẹni tó bá fẹ́ páìpù èéfín, ìta ẹnu ààrò ni kó fi sí, lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré tí yóò mọ síwájú rẹ̀, páìpù ínṣì 6. Ihò tó bá wà láàárín orí yóò kàn máa gbé ooru yín fún ẹyẹ.

Ní ọjọ́ kejì, a fi ọwọ́ kó iyanrìn jáde díẹ̀díẹ̀ títí a fi rí ìwé ìròyìn. Bí òrùlé bá ń rọ̀ nígbà tí ẹ kó ìdajì, ẹ dúró, ẹ dá iyanrìn padà, ẹ fún un ní ọjọ́ kan sí i. Ìwé tó bá lẹ̀ mọ́ òrùlé, ẹ fi sílẹ̀, iná yóò jó o.

Ọjọ́ 32 sí 36: gbígbẹ pẹ̀lú iná

Ọjọ́ mẹ́wàá ni ààrò fi gbẹ fúnra rẹ̀. Nígbà òjò, ẹ kà á sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí òrùlé páànù sì wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iná díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lóòjọ́: 100°C, 150, 200, 260, 320. Èédú la lò fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, nítorí kò ní ọwọ́ iná tó lè ṣàdédé lá òrùlé. Ìhá ló dára láti fi ko iná. Ooru tó bá ń jáde lára ẹ̀yìn ààrò bí ti ìkòkò ẹ̀kọ, omi ló ń lọ yẹn. Bó bá pọ̀ jù, ẹ dín iná kù. Ẹni tí kò bá ní sùúrù ní ọjọ́ márùn-ún yìí, omi inú amọ̀ yóò hó kó tó rí ọ̀nà jáde, yóò sì gbé ègé amọ̀ jù sílẹ̀ láti inú òrùlé.

Ìlà tín-ín-rín bí irun kò ṣe nǹkan. Gbogbo ààrò amọ̀ ló ń ní in, á fẹ̀ nínú iná, á tún padà bó bá tutù. Èyí tí káàdì ATM bá lè wọ̀, ẹ fi omi rẹ ẹ́, kí ẹ fi amọ̀ àti àpáàdì kíkúnná dí i. Ìdí nìyí tí a kò fi tíì wọ ẹ̀wù fún ààrò kí iná yìí tó parí: a fẹ́ rí gbogbo ibi tó lanu. Alángbá náà mọ̀ ọ́n rí, ẹ máa ti ẹnu ààrò.

Ọjọ́ 38 sí 48: ẹ̀wù

Lẹ́búlẹ́bú pákó pẹ̀lú amọ̀ ṣíṣàn, sẹ̀ǹtímítà 10 yíká. Amọ̀ náà kàn ní láti ra lẹ́búlẹ́bú yẹn, kì í ṣe kí ó rì í. Bí ẹ bá fún un lọ́wọ́ tí omi ń kán, ó ti pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín lẹ́búlẹ́bú ló ń dá ooru dúró. Nígbà tó gbẹ, a fi amọ̀, iyanrìn àti bótó (ìgbẹ́ màlúù) rẹ́ ẹ, sẹ̀ǹtímítà 2, irú bótó tí àwọn àgbà fi ń pa ilẹ̀ ilé. A kò fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, nítorí yóò sé omi mọ́ inú, yóò sì bó ní òjò kìíní.

Iná písà

Ó gba bíi wákàtí kan ààbọ̀ àti igi kílò 8 sí 10. Òrùlé yóò kọ́kọ́ dúdú. Nígbà tó bá kọjá bíi 350°C, dúdú náà yóò jó kúrò, òrùlé yóò sì funfun láti òkè wá sílẹ̀. Bí ó bá funfun dé ìdí, ẹ ti iná sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ gbá ilẹ̀, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ilẹ̀ lè bá ara rẹ̀ dọ́gba. Ẹ wọ́n fúláwà díẹ̀ sí i: bí ó bá dúdú kí ẹ tó ka mẹ́ta, ó gbóná jù, ẹ fi àkísà tútù tí ẹ so mọ́ igi nù ún, bí ó bá pọ́n ní bíi kíkà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti yá. Igi kékeré kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń mú ọwọ́ iná dúró. Ẹ yí písà lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 30, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí iná máa ń yára.

Bí orí bá jinná tí ìdí funfun, ilẹ̀ ni kò gbóná tó: ẹ tan ẹ̀yinná ká orí bíríkì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ìdí bá jó tí orí funfun, ọwọ́ iná ni kò sí: igi gbígbẹ tín-ín-rín méjì ni oògùn rẹ̀. Wàrà Fúlàní kì í yọ́ bó ti wù kó gbóná tó, nítorí náà ẹ má fi í dán ààrò wò.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ kó ẹ̀yinná jáde, ẹ fi pákó tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 4 ti ẹnu rẹ̀. Nígbà tó bá ti wálẹ̀ sí 220°C, búrẹ́dì ṣe é sun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ó bá ti rọ̀ débi tí ọwọ́ lè wọ̀ ọ́ láìjó, ẹ to igi tí ẹ fẹ́ dá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ sì ṣí pákó sílẹ̀ díẹ̀ kí omi ara igi lè rí ọ̀nà jáde.